Ẹyẹ Tí Wọ́n Fi Pẹ́ńsùlù Kọ

Màmá Fúláàsì ni gbogbo wa ń pè é. Kò sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tí orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò tọ́ sí i. Fúláàsì mẹ́ta ló máa ń gbé wá: pupa fún tíì, aláwọ̀ ewé fún omi gbígbóná lásán, èyí tí ìdérí rẹ̀ ti fọ́ fún kọfí Alága. Alága wa kì í mu tíì. Dókítà eyín ni, ó ní tíì ń pa àwọ̀ eyín dà. Ẹ má bi mí bóyá kọfí kì í pa á dà. Mo ti bi í rí, ojú tí obìnrin náà fi wò mí lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí n tún un bi.

Ẹgbẹ́ wa ń jẹ́ Ojú Alákàn, iṣẹ́ wa kò sì ju ká máa wo nǹkan lọ. Ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, a ó kó sínú ọkọ̀, ó di ilẹ̀ ẹni tó bá gbà wá láyè. A ó máa rìn nínú igbó, a ó máa ka ẹyẹ, labalábá, olú, àti ewé tí a kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, tó rí àgbàlagbà mẹ́jọ tí wọ́n dojú bolẹ̀ yí ihò èèrà kan ká, á rò pé a sọ kọ́kọ́rọ́ nù ni. Èmi ni akọ̀wé. Apòògùn ni mí níbi iṣẹ́, ogójì ọdún ni mo fi ka ìwé dókítà tí ojú ẹlòmíràn kò gbé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìwé ẹgbẹ́ lé mi lọ́wọ́.

Òfin ìwé náà kò le. Ohun tí ẹni méjì bá rí, tàbí tí ẹni méjì bá fi etí gbọ́, bírò la fi ń kọ ọ́. Ohun tó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló rí i, pẹ́ńsùlù ni, títí ẹnìkejì yóò fi jẹ́rìí sí i. Bí ọdún márùn-ún bá pé tí a kò rí ẹnìkejì, mo máa fi rọ́bà pa á rẹ́. A kì í jà sí i. Mo ti pa labalábá mẹ́ta rẹ́ rí, àti ẹkùn kan tó jẹ́ pé ajá Olóyin ni, ọkùnrin tó ń sin oyin tó máa ń gbà wá láyè lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Awọnlẹ̀ là ń pe ọkọ Màmá Fúláàsì nígbà tó wà láyé, nítorí ilẹ̀ ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wọ̀n. Bí o bá sọ fún Awọnlẹ̀ pé ibì kan kò jìnnà, á bi ọ́ pé báwo ni kò ṣe jìnnà tó. Ọdún mọ́kàndínlógún ló lò nínú ẹgbẹ́ wa, ohun kan péré ló sì kọ sínú ìwé tí kò rí ẹlẹ́rìí. Ó wà lójú ìwé kẹtàdínlógójì títí di òní, lẹ́tà rẹ̀ kéékèèké bí ẹsẹ̀ èèrà: “Ẹyẹ. N kò mọ orúkọ rẹ̀. N kò rí i, mo gbọ́ ọ ni. Ohùn mẹ́rin: méjì ga, ìkẹta wálẹ̀, ìkẹrin gùn. Ọ̀sán gangan, ilẹ̀ Olóyin, ìṣísẹ̀ méjìlélọ́gọ́rin sí ibi tí ọkọ̀ wà.”

Ọdún kan lẹ́yìn tó kọ ọ́ ló kú. Ní ìpàdé tí a ṣe lẹ́yìn ìsìnkú, mo ń ṣí ìwé náà, mo dé ojú ìwé yẹn, mo sì fẹ́ pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ara tù wọ́n. Mo ní, “Awọnlẹ̀ wa, etí ló ń pa àlọ́ fún un nígbà yẹn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí Màmá Fúláàsì lẹ́yìn mi pẹ̀lú fúláàsì pupa lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹyin lohùn. Tèmi bọ́ lulẹ̀ níwájú opó, ó sì fọ́. Ó bu tíì fún mi, ó fi ṣúgà méjì sí i bó ṣe máa ń ṣe, mo mu ún, kò sì dùn lẹ́nu mi.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ìtìjú yẹn kiri. Lọ́jọ́ kan ló pè mí lórí fóònù.

“Akọ̀wé, ẹyẹ ọkọ mi á pé ọdún márùn-ún lóṣù tó ń bọ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ilẹ̀ Olóyin náà lẹ ń lọ?”

“Ibẹ̀ náà ni.”

“Ó dáa. Màá bá yín wọgbó.”

Ẹnu yà mí. Láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n, Màmá Fúláàsì kì í wọgbó. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí, lórí àga tó ṣeé ká, á máa hun súwẹ́tà títí a ó fi dé. Ọkọ rẹ̀ ló ní ojú fún nǹkan wọ̀nyí, òun kàn ń tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ ni. Ó tún wá jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú báyìí. Ó ní bí òun bá wo èèyàn, bí ìgbà tí èèyàn dúró lẹ́yìn aṣọ fèrèsé ló rí.

“Màmá, kí lẹ fẹ́ fi wò ó?”

“Ta ló ní mo fẹ́ wò ó? Ṣé ọkọ mi wò ó ni? Akọ̀wé, ọkọ mi ò kọ ohun tí ò rí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí. Mi ò fẹ́ kí ẹ pa á rẹ́.”

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹyẹ lásán. Bí mo bá fi rọ́bà pa ìlà yẹn rẹ́, ẹ̀fẹ̀ tí mo ṣe ló di òdodo, ọkọ rẹ̀ sì di ẹni tí etí ń pa àlọ́ fún.

Lọ́jọ́ náà, ìkùukùu kò tíì ká nílẹ̀ nígbà tí Olóyin ṣí géètì fún wa. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ni Olóyin. Ó ní àwọn oyin òun ń sọ̀rọ̀ tó fún gbogbo ilé. Igbó ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀, kò ro ó, kò sì tà á, ó kàn jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ yẹn, ohun gbogbo funfun, igi ń yọ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń bọ̀ wá kí wa, bí a bá sì ti kọjá wọn tán, wọ́n á tún wọlé padà. Ìrì ń kán látorí ewé sórí ewé. Mo fún Màmá lápá mi dì mú, a rọra ń lọ.

Mo rò pé èmi ni mò ń mú un rìn. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé òun ló ń mú mi. “Omi wà lápá òsì yẹn,” ó ní, omi sì wà níbẹ̀. “Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa yẹn, bàtà ọ̀tún rẹ̀ ti ya.” Mo wẹ̀yìn, ó ya lóòótọ́. Ẹnìkan wúkọ́ lókèèrè nínú ìkùukùu, Màmá rẹ́rìn-ín. “Alága nìyẹn. Inú ń bí i. Kọfí rẹ̀ ló ń rò.”

“Màmá, níbo lẹ ti rí irú etí yìí?”

“Ibi iṣẹ́ ni. Ṣé o rò pé inú àga ni mo dàgbà sí?”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, nígbà tó jẹ́ pé èèyàn ló ń fi ọwọ́ so ìlà ẹnìkan mọ́ ti ẹnìkejì. Ó ní yàrá gígùn kan ni, obìnrin mẹ́rìnlá lórí ìjókòó gíga, okùn níwájú kálukú bí irun tí wọn ò tíì dì. Ó mọ ohùn gbogbo ìlú. Ó mọ ẹni tó fẹ́ bímọ kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀. Ó mọ ọkùnrin tó máa ń pe ilé ara rẹ̀ lọ́sàn-án láti gbọ́ bó ṣe ń dún, nítorí kò sẹ́ni nílé mọ́. Bí ìlà méjì bá ti so pọ̀ gaara, ẹ̀rọ á dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, òun á sì yọ ara rẹ̀ kúrò láàárín wọn.

“Ibi tí mo ti pàdé ọkọ mi nìyẹn. Ó ní kí n so òun mọ́ ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀. Mo so ó. Ó pè padà, ó ní kí n tún so òun. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, mo ní, ‘Ọ̀gá, kí lẹ ń wá gan-an?’ Ó ní, ‘Ohùn tó ń bi mí yẹn ni.’”

“Awọnlẹ̀? Awọnlẹ̀ wa yìí?”

“Ìgbà yẹn, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gbogbo nǹkan.” A fo kùkùté kan. “Oorun ni ọ̀tá wa níbẹ̀. Bí ìlà bá dákẹ́ lọ́sàn-án, ojú á máa wọ́ lọ. Mo máa ń súfèé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín eyín mi kí n má baà sùn. Tí mo bá wá gbọ́ bàtà ọ̀gá wa lẹ́nu ọ̀nà, kò! kò! kò!, ẹnu mi á pa dé fúnra rẹ̀. Ìyá mi ní obìnrin tó ń súfèé ò ní í rílé ọkọ gbé. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni mo ti fi í sílẹ̀.”

A ti yí igbó po kí a tó dé ibi tí Awọnlẹ̀ dúró sí, lábẹ́ igi ńlá kan tí ara rẹ̀ funfun. Ìkùukùu ti ká, oòrùn sì ń gba àárín ewé wọlé. A jókòó sórí gbòǹgbò. A gbọ́ àdàbà, a gbọ́ ẹ̀ga, a gbọ́ àparò tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà. A kò gbọ́ ohùn mẹ́rin. Èmi kò mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, bí èèyàn bá jókòó pẹ́ nínú igbó, wákàtí á máa rọ̀ bí ìrẹsì tí omi rẹ̀ pọ̀ jù. Lámilámi kan bà lé ìka rẹ̀, kò mọ̀, n kò sì sọ fún un. Ó gbórí sókè, ó ń gbọ́, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, ó mí kanlẹ̀. “Wọn ò ní pẹ́ máa bọ̀ wá mu tíì. Jẹ́ kí n lọ. Ìwọ, bá mi dúró dè é.” Ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó fa ìwé pélébé kan yọ, irú èyí tí àwọn awọnlẹ̀ máa ń fi sí àpò àyà. “Ìwé igbó rẹ̀ nìyí. Ojú mi ò gbé e mọ́. Ọmọbìnrin mi ò sí nítòsí, ó di ọjọ́ tó bá wálé. Wò ó bóyá ó kọ nǹkan tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́.”

Olóyin ló wá mú un lọ sídìí ọkọ̀, láìsọ̀rọ̀. Mo dá wà.

N kò tíì ṣí ìwé náà nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Ohùn mẹ́rin. Méjì ga, ìkẹta wálẹ̀, ìkẹrin gùn. Ó tún dún. Kò sí lára ohùn ẹyẹ kankan tí mo mọ̀, ó tutù, ó mọ́, ó ń bọ̀ láàárín igi bí ohùn ẹni tó ń pe èèyàn tí kò fẹ́ jí i. Mo dìde. Mo rìn lọ síbi tó ti ń bọ̀, mò ń ka ìṣísẹ̀ mi bí Awọnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo dé àádọ́ta, igi gbígbẹ kan kán lábẹ́ bàtà mi. Ó dákẹ́. Mo padà sídìí igi. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀.

Mo bọ́ bàtà mi. Àgbàlagbà ẹni ọgọ́ta ọdún, apòògùn, mo fi ẹsẹ̀ lásán yọ́ rìn nínú koríko. Ó dún títí mo fi dé ọgọ́rin. Mo fi ọwọ́ ya ewé.

Ọkọ̀ wa ni mo rí. Mo rí àga tó ṣeé ká, fúláàsì mẹ́ta lórí ilẹ̀, Màmá Fúláàsì tó ń hun súwẹ́tà, ojú rẹ̀ pa dé díẹ̀. Láàárín eyín rẹ̀ ni ẹyẹ náà wà.

Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Obìnrin tó mọ ohùn gbogbo ìlú kò mọ tirẹ̀. Mo padà sẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, mo jókòó sí abẹ́ igi funfun yẹn, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń pa mí ni àbí ẹkún. Odindi Awọnlẹ̀! Ọkùnrin tó mọ ìwọ̀n gbogbo nǹkan, ó kọ ìyàwó ara rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́ bí ẹyẹ tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Irú àwa nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí, èèyàn gidi ì bá ti yẹjú wò ó. Mo wá ṣí ìwé igbó náà, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ.

“Ilẹ̀ Olóyin. Mo sún mọ́ ọn, ó dákẹ́. Mo padà, ó bẹ̀rẹ̀.”

Oṣù tó tẹ̀ lé e: “Etí odò. Ẹyẹ kan náà. Báwo ló ṣe dé ibí?”

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà: “Orí òkè olókùúta. Òun náà tún ni. Ó jọ pé ọkọ̀ wa ló ń tẹ̀ lé kiri.”

Mo ṣí i títí dé ojú ìwé tó kọ kẹ́yìn, oṣù kan kó tó kú. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo ti ka èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Mo ti mọ̀ ọ́n. Mo rí i láti ẹ̀yìn igi. N kò ní sọ fún un, kó má baà dákẹ́. Bí ọdún márùn-ún bá pé, kí Akọ̀wé pa á rẹ́, kò burú. Èmi ti gbọ́ tèmi.”

Bí èèyàn bá ń sunkún, ó máa ń ríran. Mo nu ojú mi, mo wọ bàtà, mo lọ bá wọn.

Wọ́n ti pé yí fúláàsì ká. Alága ti gbé ìwé ẹgbẹ́ sórí iwájú ọkọ̀, ó ṣí i sí ojú ìwé kẹtàdínlógójì, ó fi rọ́bà lé e. Obìnrin náà kì í fi òfin ṣeré. “Ẹ̀yin ará, ọdún márùn-ún ti pé. Ta ló gbọ́ ẹyẹ yìí?”

Màmá Fúláàsì di fúláàsì pupa mú, kò bu tíì, ó kàn dì í mú. Bí mo bá sọ ibi tí ẹyẹ náà wà, ọkọ rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ irọ́, ṣùgbọ́n ẹnu yẹn kò ní súfèé mọ́ láyé. Bí mo bá dákẹ́, mo ti fi rọ́bà pa òótọ́ rẹ́.

“Mo gbọ́ ọ,” ni mo wí.

Alága yọ awò ojú rẹ̀. “Ẹ gbọ́ ọ? Báwo ló ṣe dún?”

“Ohùn mẹ́rin. Méjì ga, ìkẹta wálẹ̀, ìkẹrin gùn. Mo sún mọ́ ọn, ó dákẹ́.”

“Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?”

“Awọnlẹ̀ ò kọ orúkọ. Èmi náà ò ní kọ ọ́.”

Mo mú bírò, mo tẹ̀ ẹ́ lé gbogbo lẹ́tà Awọnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi kún un nísàlẹ̀ pé ẹni méjì ti gbọ́ ọ. Kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, omi ń dà lójú Màmá Fúláàsì, kò sì nù ún.

“Mo sọ fún yín,” ó ní. “Ọkọ mi ò purọ́.”

“Màmá, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí…”

“Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Etí mi ò di.” Ó fi ṣúgà méjì sínú ife, ó nà án sí mi. “Mu tíì rẹ kó má tutù.”

Lójú ọ̀nà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni èmi àti Màmá jọ jókòó sí, ó ní kí n ka ìwé igbó náà fún òun. Mo kà á. Ó rẹ́rìn-ín sí etí odò, ó rẹ́rìn-ín sí òkè olókùúta. “Ẹyẹ aláìgbọ́n wo ló ń tẹ̀ lé ọkọ̀?” Mo dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Mo wò ó pẹ́, mo sì pa ìwé náà dé.

“Ó parí?”

“Ó parí, Màmá.”

Ogójì ọdún nídìí oògùn, n kò ka ìwé kan dé ìdajì fún ẹni tó ni ín rí. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá dé, á kà á fún un, ẹ̀tọ́ ọmọ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ kò sọ fún un títí tó fi kú. Ta wá ni èmi?

Ó fi ìwé náà sórí itan, ó gbé orí lé gíláàsì, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń kọjá lójú rẹ̀ láti igi dé igi. Láìpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀. Méjì ga, ìkẹta wálẹ̀, ìkẹrin gùn. Gbogbo ọkọ̀ gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó yíjú padà. Alága ló ń wa ọkọ̀. Mo rí ojú rẹ̀ nínú dígí, ó wò mí, ó wò mí dáadáa, ó sì na ọwọ́ pa rédíò.

Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù kí ẹgbẹ́ wa lọ, bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n, ẹ ò ní rí ẹnìkan nínú wa tó jìnnà sí ọkọ̀. Kálukú á ti rí ewé kan tàbí èèrà kan tó fẹ́ wò nítòsí, Alága náà á tẹ̀ ba sẹ́yìn igi pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, a ó sì dákẹ́. Bàtà wa máa ń wà lọ́wọ́ wa.